Ìkòkò Tí Wọ́n Ní Kí Rísì Má Súnmọ́ Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára jù láyé, mo ti gbọ́ yín. N ó dáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́. Ohun tí etí yín ń retí ni iye tí iṣẹ́ ń mú wálé lóṣù, èmi kò sì ní sọ ìyẹn. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni pé àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn nínú ìjọ ń tẹnu mọ́ ọn pé Ọlọ́run ní ète fún ayé yín, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni pé àlá tí a ń lá lórí ibùsùn ni ète Ọlọ́run. Èmi bá ète Ọlọ́run pàdé nídìí ìkòkò aró. Ó ń rùn, ó ń pa ọwọ́ láró, ó sì ń ta ènìyàn lójú.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni mo jáde ní yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Iṣẹ́ ìjọba wà nílẹ̀ nígbà náà fún ẹni tó bá ní irú ìwé tí mo ní. Mo kọ̀ ọ́. Mo lọ bá Ìyá Dúró, aláró àgbà kan ní àdúgbò Ìgbẹ̀ìn, pé kí ó kọ́ mi ní aró rírẹ, ó sì gbà. Bàbá mi ló ṣòro láti bá sọ̀rọ̀.

Ó ní, “A rán ọ lọ yunifásítì, o wá ń bọ̀ wá ti ọwọ́ bọ aró?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí ni wọ́n wá kọ́ ọ níbẹ̀?”

“Ohun tí ewé èlú ń ṣe nínú ìkòkò aró, sà, tí aṣọ fi ń gba àwọ̀.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ìyá tó bí mi mọ ìyẹn láìwọ mọ́tò lọ ibì kankan.” Ó dìde, ó lọ jẹun. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni àgbàlá Ìyá Dúró wà, níbi tí àpáta ti yọ gbàǹgbà láti inú ilẹ̀. A kó ìkòkò rẹpẹtẹ sí abẹ́ páànù, a sì ń sá aṣọ sórí àpáta. Ìyá Dúró fúnra rẹ̀ tín-ínrín, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Kò sí ìpàdé àdúrà tó ń pa jẹ ní ìjọ rẹ̀, kò sì sí irọ́ tó ń gbà nídìí iṣẹ́. Bí ọmọṣẹ́ kan bá ba aṣọ jẹ́, kò ní tà á ní ọ̀pọ̀. Yóò pe ẹni tó bà á jẹ́, yóò fi síṣọ́ọ̀sì gé aṣọ náà wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀, yóò ní kí ó máa fi nu ilẹ̀. “Aṣọ tó bá pa àwọ̀ dà lára ẹni tó rà á,” ni yóò wí, “ẹlẹ́rìí èké ni. Orúkọ mi ló sì fi ń jẹ́rìí èké.”

Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aró rárá. Eérú ni mò ń kó. Mo ń lọ sí ilé búrẹ́dì, mo ń lọ sí ilé àwọn tó ń sun ẹran, mo ń ru eérú wálé. A ń dà á sínú ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí, a ń da omi lé e, omi náà á sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni a fi ń rẹ èlú, ewé tí wọ́n gún tí wọ́n sì ṣù rìbìtì-rìbìtì. Bí omi eérú kò bá múná tó, aró kò ní jí. Bó bá múná jù, á pa á. Nígbà tí ó tó àkókò tí ó yẹ kí n mọ ìyàtọ̀, Ìyá Dúró fi ìka kan omi eérú, ó nà án sí mi.

“Yunifásítì,” ni ó pè mí, orúkọ tí mo sì ń jẹ́ ní àgbàlá yẹn nìyẹn títí dòní, “fi ahọ́n rẹ ka ìwé yìí fún mi.”

Mo tọ́ ọ wò. Ó ta mí lẹ́nu bí ata tí kò ní òórùn.

“Kí ló kọ síbẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Lọ kó eérú wá.”

Ẹni tó kọ́ mi ní ìwé kíkà yẹn gan-an ni Rísíkátù, tí gbogbo wa ń pè ní Rísì. Ọmọ Òwu ni, àdúgbò tí kò jìnnà sí wa, láti ilé àwọn Mùsùlùmí tó ti ń ta aṣọ láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wọn. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nídìí ìkòkò kí n tó dé, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. “Àǹtí, ẹ má bínú o,” ni yóò máa wí, “ẹ fi ọjọ́ orí jù mí, mo fi eérú jù yín.” Bí àkókò ìrun rẹ̀ bá tó, yóò fọwọ́, yóò lọ kírun ní igun àgbàlá, Ìyá Dúró alára ni yóò sì jókòó ti ìkòkò rẹ̀ títí yóò fi padà. N kò rí ọ̀gá mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé òǹrorò lásán ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn náà ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Àwọn ènìyàn ń ra sítóòfù oníkẹrosíìnì, igi dídá ń dín kù, eérú sì di ohun tí à ń wá kiri bí ẹni ń wá oògùn. Àwọn oníbàárà kò fẹ́ dúró mọ́. Sódà tó ń jẹ ara bí iná, tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì, kún inú ọjà nínú agolo, a kàn ń bù ú sínú omi ni, ó sì di omi eérú lójú ẹsẹ̀. Aró oníyẹ̀fun tẹ̀lé e, Kàńpálà, aṣọ tí wọ́n ń fi àbẹ́là ya iṣẹ́ sí lára, náà gbòde. Ìyá Dúró kọ̀ fún sódà pátápátá. Ó ní, “Ohun tó lè jẹ irin, ara ènìyàn ni yóò fi ṣe ẹ̀kọ mu.” Àwọn aláró yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń ṣí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn ó gbà.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ nílé ìwé wúlò fún mi ní ọjọ́ náà. Mo kó gbogbo àgbàlá jọ, mo sì sọ òfin kan: omi ló ń kọ́kọ́ wọ ìkòkò, omi tútù, sódà á wá máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sórí sódà láéláé, pàápàá omi gbígbóná, nítorí yóò hó, yóò sì fò sókè mọ́ ènìyàn. Ìyá Dúró ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí Rísì náà sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ọmọ ilé kéú.

Ọdún tí ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ìkórè ìjọ Ìyá Dúró ti súnmọ́lé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ ti gbé iṣẹ́ àdìrẹ ńlá fún un, aṣọ tí wọn yóò tà láti fi kọ́ ilé ìtọ́jú kan. Gbogbo Ìgbẹ̀ìn sì ti gbọ́ pé bí ìkórè náà bá parí, òun ni wọn yóò fi jẹ Ìyá Ìjọ. Òjò wá rọ̀ léraléra, aṣọ kò gbẹ, ọjọ́ ń lọ. Inú gbogbo wa le bí okùn tí wọ́n fà láti ọ̀nà méjì.

Mo wà lórí àpáta níjọ́ náà, mò ń sá aṣọ. Láti òkè tí mo wà, mò ń rí gbogbo àgbàlá. Sódà kan ti dì mọ́ ìdí ìkòkò, ó ti le gbandi. Rísì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti gbé ìkòkò kejì. Mo rí Ìyá Dúró tó jáde láti ibi iná, tó gbé páànù omi tó ń ru èéfín dání. Mo kígbe pé, “Màmá, rárá!” Ó ti dà á sórí sódà náà.

Ìró náà dà bí ìgbà tí omi bá bọ́ sínú epo gbígbóná. Ìkòkò bú sókè. Igbe Rísì gba gbogbo àdúgbò kan.

N kò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta. Ìyàwó ilé kejì ti sáré dé pẹ̀lú ìgò epo pupa, ó ń wí pé, “Epo ló ń rọ̀ ọ́! Ẹ jẹ́ kí n fi epo sí i lójú!” Mo tì í sẹ́yìn, ìgò bọ́, ó fọ́. “Omi!” ni mò ń ké, “omi tútù, ẹ gbé gbogbo omi ilé yìí wá!” A ń da omi sí i lójú, garawa tẹ̀lé garawa, títí a fi rí ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní gbogbo àkókò yẹn, Ìyá Dúró dúró sí ojú kan náà. Páànù òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ. Ojú òsì yóò máa mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, kò ní mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìlú sọ. Wọ́n ní ìkòkò ló bú. Wọ́n ní sódà náà ló bàjẹ́, àwọn tó ń tà á ló po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Nínú ìjọ, wọ́n gbàdúrà fún Ìyá Dúró pé kí Olúwa tù ú nínú nítorí àdánwò tí ọ̀tá gbé kò ó lójú ìkórè. Ìyá Dúró ń ṣe àmín. Nígbà tí mo bá a nínú yàrá rẹ̀, ó ní, “Àmúwá Ọlọ́run ni, Yunifásítì.”

Mo ní, “Màmá, Ọlọ́run kọ́ ló gbé páànù.”

“Kí lo wí?”

“Mo wà lórí àpáta. Mo rí yín.”

Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, “Ìwọ fẹ́ sọ fún mi ohun tí mo ṣe, nínú ilé mi?”

“Mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ fún Rísì. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, mà.”

“Jáde.”

Mo jáde. Ìbínú mi ga ju àpáta lọ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí onígbàgbọ́ kan ń wí pé àmúwá Ọlọ́run ni ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fà, n kì í lè dákẹ́. Orúkọ Ọlọ́run tí a fi bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí aṣọ tó ń jẹ́rìí èké?

Nǹkan tó burú jù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn aláró àgbà ní àṣà kan pé ẹni tí aró bá ta sí lójú, aró ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìkòkò mọ́, kí gbogbo aró àgbàlá má baà kú. Ìyá Dúró, tí kì í bá wọn tẹ́tí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, di àṣà yìí mú gírígírí. Ó ní kí Rísì máa bọ̀ wá kí wa, kí ó máa jẹun lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò, rárá. Rísì kò sì tíì gba òmìnira. Ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ló kù fún un. Ẹni tí kò bá gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá kò lè dá àgbàlá tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Ìyá Dúró ń gbà lọ́wọ́ ọmọ náà ju ojú lọ.

Nígbà tí ara Rísì dá díẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ pinnu láti ṣàánú. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n kó ìrẹsì, wọ́n kó ọṣẹ, wọ́n sì ra àga onítìmùtìmù kan tó dára gan-an, kí Rísì lè máa rí ibi jókòó sí. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá sí àgbàlá Ìyá Dúró, àwọn àti pásítọ̀ wọn, pẹ̀lú onífọ́tò. Bàbá Rísì, Àlàájì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti Òwu ló ti wá láti mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé pátápátá.

Ẹgbẹ́ kọrin. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin olóhùn dídùn kan, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: “Rísíkátù, ọmọ wa, wò ó bí Jésù ṣe fẹ́ràn rẹ tó. Bí ìwọ bá lè tọ̀ wá wá ní ọjọ́ Ìsinmi kan, kí a ṣe ìrìbọmi fún ọ—”

Àlàájì ní, “Ẹ dúró ná. Ṣé ìrẹsì yìí ni ẹ fẹ́ fi rà á?”

“Háà, Àlàájì! Àánú la wá ṣe!”

“Mo gbọ́. Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ nínú àgbàlá yìí pẹ̀lú ojú méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kù lọ. Nílé, àwọn arábìnrin rẹ̀ yóò máa bọ́ ọ. Ọmọ mi kì í ṣe alágbe.”

N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá, kí ni àga yìí wà fún? Ẹ ti gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ wá gbé ibi tí yóò jókòó sí de ikú wá fún un! Olúwa tí ẹ ń kọrin rẹ̀, nígbà tó rí afọ́jú, ṣé tìmùtìmù ló fún un? Kí ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín, ẹ bèèrè—”

“Àǹtí.” Rísì ló sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè. “Ẹ dákẹ́ ná. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ìbínú yín kò tíì bu oúnjẹ kan sí abọ́ mi.”

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ tọ́ àga náà, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin màmá. Ọlọ́run á san án fún yín. Ó rọ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e lọ sí ẹ̀bá ìkòkò mi.”

Onífọ́tò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti ojú. Gbogbo wa yíjú sí Ìyá Dúró.

Pásítọ̀ ní, “Ìyá Dúró, àgbàlá yín ni.”

Ìyá Dúró ní, “Àṣà wa ni pé ẹni tí aró bá ta sí…” Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀: “Àṣà wa ni pé…” Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí eérú, pẹ̀lú aṣọ ìjọ rẹ̀ funfun.

“Aró kọ́ ló ta sí i lójú,” ni ó wí. “Èmi ni. Ọwọ́ mi ló da omi gbígbóná sórí sódà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, mo ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n sì tún un sọ. Mo ń kánjú.”

“Háà, Ìyá Dúró, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!” ni ìyá olóhùn dídùn kígbe, ó sì ń wo onífọ́tò. “Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ẹ̀yin tí a fẹ́ fi—”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.”

Àlàájì ti dìde. “Nígbà náà ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá,” ni ó wí. “Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Rísíkátù, dìde, ká lọ.”

Rísì ní, “Bàbá mi, mo mọ̀.”

“O mọ kí ni?”

“Mo mọ̀ pé àwọn ni. Mo gbọ́ tí Àǹtí ké pé, ‘Màmá, rárá!’, mo sì gbọ́ ìró omi náà kí n tó gbọ́ igbe ara mi.”

“O mọ̀, o sì dákẹ́ láti ọjọ́ yìí?”

“Mò ń retí kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, sà. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ mọ́ wọn lára, wọ́n á sanwó fún yín, ẹ̀yin á mú mi lọ sílé, ọ̀rọ̀ á sì tán. Èmi kò fẹ́ kí ó tán. Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́.”

Èmi tí mo kàwé, èmi tí mo ti ń fi ìbínú sùn láti ìgbà náà wá, n kò ronú dé ibẹ̀.

Àlàájì yíjú sí Ìyá Dúró. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rọ̀. “Ìyá, ẹni tí kò ríran, báwo ni yóò ṣe rẹ aró? Ẹ má tàn án jẹ lẹ́ẹ̀kejì.”

Ìyá Dúró ní, “Ahọ́n rẹ̀ wà. Imú rẹ̀ wà. Ọwọ́ rẹ̀ ń fi okùn ìko di àdìrẹ oníko ju tèmi lọ, kò sì sí ẹni tó ń fi ojú di oníko. Ojú tí yóò fi wo àwọ̀ nìkan ló kù. Ojú, èmi ní méjì.”

Wọ́n gbé àga lọ sí ẹ̀bá ìkòkò. Àlàájì padà sí Òwu lóun nìkan.

Ẹ má rò pé ayọ̀ ló tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kó iṣẹ́ wọn kúrò. Oyè Ìyá Ìjọ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn aláró àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń yọjú wo ìkòkò wa, wọ́n ń retí ikú aró. Ìkòkò àkọ́kọ́ tí Rísì dá lẹ́yìn náà sì kú lóòótọ́. Ó rùn, aṣọ inú rẹ̀ jáde bí omi ìfọ̀wọ́. Ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “A sọ fún yín, àbí a ò sọ?” Ìyá Dúró gbé síṣọ́ọ̀sì, ó gé aṣọ náà wẹ́wẹ́ lójú ẹni náà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní, “Rísì, omi eérú rẹ kò tó. Tún un dá.” Kò rọ̀ fún un rárá. Mo rò pé ìwà ìkà ni, títí mo fi rí i pé Rísì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ̀ ti padà dé.

Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró èlú kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Aláró gbọ́dọ̀ rí ìyípadà yìí kó tó mọ̀ bóyá kó tún rì í tàbí kó sá a. Nítorí náà, Ìyá Dúró jókòó ti Rísì, ó ń sọ ọ́ fún un: “Ewé ni ṣì. Ewé. Ó ń lọ… ó ti di sánmà àárọ̀. Tún un rì.” Rísì á rì í. “Ó ti di sánmà ìrọ̀lẹ́. Ó kù díẹ̀.” Gbogbo ọjọ́ aró ni, ọdún dé, ọdún lọ. Mo fòfin de sódà ní àgbàlá láìsí ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú. Àwọn ọdún 1980 le koko, aró oníyẹ̀fun wọ́n bí ojú, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń sáré lọ sínú Kàńpálà. Èmi náà ṣe é, mo sì kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Rísì gba òmìnira. Àlàájì wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Dúró, Ìyá Dúró kúnlẹ̀ fún Àlàájì, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dìde. Rísì wá dá àgbàlá tirẹ̀ sílẹ̀ sí Òwu. Àárọ̀ ọjọ́ aró kọ̀ọ̀kan ni Ìyá Dúró ń rìn láti Ìgbẹ̀ìn lọ bá a.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá wọ ìjọ tí ẹ rí àánú tí wọ́n ń kéde, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, tó sì fi ẹni tí wọ́n ṣe é fún sílẹ̀ lórí àga, ẹ bèèrè pé ta ló gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bèèrè kíkan. Wọn yóò pè yín ní aláìgbọràn, bí wọ́n ṣe pè mí. Àánú tí kò bá dá ènìyàn padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ìsìnkú ni, bó ti wù kó rọ̀ tó. Ẹ má sì wá iṣẹ́ tí kò ní gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Ẹ wá èyí tí ẹ lè fi ohun tí ó bá gbà san ohun tí ẹ bà jẹ́.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìjọ náà tún padà wá. Ẹni tó jẹ Ìyá Ìjọ ti kú, pásítọ̀ tuntun ló sì wà nípò, tó gbọ́ ìtàn náà láti ẹnu àwọn ènìyàn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó wá bá Ìyá Dúró nínú ilé. Ó ní ìjọ ti rò ó, wọ́n sì fẹ́ fi í jẹ oyè náà nísinsìnyí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí ó máa wá sí ìpàdé àwọn àgbà ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ìyá Dúró ní, “Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ aró.”

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀yin kì í rẹ aró mọ́.”

“Èmi kọ́ ló ń rẹ ẹ́.”

“A lè rí ọmọbìnrin kan tó máa jókòó ti aláró yẹn dípò yín. Ìjọ á sanwó fún un.”

Ìyá Dúró ronú lé e.

“Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ fún mi, sà,” ni ó wí. “Ẹ ní mo ti yá ẹlòmíràn ní ojú mi.”

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí Rísì tó ṣí ilẹ̀kùn àgbàlá rẹ̀, Ìyá Dúró ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn.